Ìkòkò Àgbo Ọdẹ́wálé: Àánú àti Ìrètí Lákòókò Àjálù nínú Eré Ọlá Rótìmí

Ohun tí bébà yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò kò ju ìran kan ṣoṣo lọ, ìyẹn ìran àkọ́kọ́ nínú apá kìn-ín-ní eré oníṣe The Gods Are Not to Blame, tí Ọlá Rótìmí kọ. Ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun ni ó kọ́kọ́ ṣe eré náà ní Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1968. Oxford University Press sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1971. Bí a bá mẹ́nu ba àwọn ìran yòókù, nítorí kí ìran àkọ́kọ́ yìí lè yé wa dáadáa ni.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni eré tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ń wá láàárín àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ìdáhùn wa kò gùn. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀wù tí eré náà wọ̀, ṣùgbọ́n Ifá tí a dá níbẹ̀, Ògún tí a fi búra, orin tí a kọ, òwe tí ó kún ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn fọ́fọ́ (ó tilẹ̀ kún ju bí ó ti yẹ lọ, lójú tiwa), ti ilé wa ni gbogbo wọn. A ó fi àríyànjiyàn lórí èdè sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Àwọn lámèyítọ́ tí ó ti kọ̀wé lórí eré yìí kò kéré, orí ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì dúró sí: ta ni ẹ̀bi tọ́ sí? Àwọn kan ní bí Baba Fákúnlé bá ti dá Ifá nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ìkókó, tí Ifá sì ti sọ pé ọmọ náà yóò pa baba rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya, a jẹ́ pé irọ́ ni àkọlé eré náà ń pa. Àwọn òrìṣà ni ó jẹ̀bi. Àwọn mìíràn ní rárá, ìbínú Ọdẹ́wálé ni ó ṣe é. Àríyànjiyàn yìí dára, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti yege ìdánwò. Ṣùgbọ́n ó ti mú kí a máa sáré kọjá lára àwọn aláìsàn tí ó wà níwájú ààfin nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n kàn wá síbẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún ìtàn ọba ni. Lójú tiwa, àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àjálù bá ju agbára ìlú lọ, tí ikú ń pa ọmọdé, tí ó ń pa àgbà, báwo ni ènìyàn ṣe lè máa ṣàánú tí àárẹ̀ kò ní í mú un, kí sì ni ó kù tí a lè máa retí?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè inú ìwé lásán ní ọdún tí a kọ́kọ́ ṣe eré náà. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje ọdún 1967, kò sì parí títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970. Èyí ni pé nígbà tí àwọn òṣèré Orí Olókun ń gbé aláìsàn wọ orí ìtàgé ní Ifẹ̀, ebi ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kú ní ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè kan náà. Àwòrán àwọn ọmọ náà, pẹ̀lú ikùn wíwú àti irun pípọ́n, ti kárí ayé nínú ìwé ìròyìn ní ọdún 1968. Àwọn ẹgbẹ́ ìjọ Kírísítẹ́nì ń fi bàálù kó oúnjẹ láti erékùṣù São Tomé lọ sí pápákọ̀ Uli lóru. Àwọn kan ń pè é ní àánú, àwọn kan sì ń pè é ní ìrànlọ́wọ́ fún ọ̀tá. Ọlá Rótìmí fúnra rẹ̀, tí baba rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Ìjọ́, kò fi ọ̀rọ̀ yìí bò. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Bernth Lindfors tẹ̀ jáde ní ọdún 1974, ó ṣàlàyé pé àwọn òrìṣà tí àkọlé ń sọ kì í ṣe òrìṣà ilé wa, pé àwọn orílẹ̀-èdè alágbára bí Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni òun ní lọ́kàn; pé kí á yé di gbogbo ẹ̀bi ogun náà ru àwọn wọ̀nyẹn nígbà tí àìfọkàntán ara ẹni láàárín ẹ̀yà kan sí èkejì wà nínú wa. A ó padà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà yìí, nítorí ibẹ̀ ni àánú Ọdẹ́wálé ti ṣẹ́.

Ìkòkò lórí iná

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí ìran náà ṣe lọ. Àìsàn ti gbilẹ̀ ní Kútùjẹ́. Àwọn ará ìlú wọ́ wá sí ààfin pẹ̀lú àwọn aláìsàn wọn, wọ́n sì ń kùn. Ẹjọ́ tí wọ́n ní kì í ṣe kékeré: ọba yìí ni ó kó àwọn ènìyàn jọ nígbà tí àwọn ará Ìkọlù wá fi ogun kó Kútùjẹ́, òun ni ó ṣáájú wọn lọ gba ohun ìní wọn padà, nítorí èyí ni wọ́n sì ṣe fi jọba bí ó tilẹ̀ jẹ́ àlejò. Ẹni tí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ogun, èé ṣe tí ó fi dákẹ́ nígbà tí àrùn dé?

Ohun méjì ni ọba ṣe. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àrùn náà kò mọ ààfin yàtọ̀ sí ahéré, pé àwọn ọmọ tirẹ̀ náà ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Èyí kò yà wá lẹ́nu. Ọba tí ó gbọ́n yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun kejì ni ó yẹ kí á dúró tì. Ó yí ìbéèrè padà sọ́dọ̀ wọn: kí ni ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe sí i? Obìnrin kan dáhùn pé òun já ewé, òun sì se àgbo. Ọba kò yìn ín, kò sì bá a wí. Ó bèèrè bí àgbo náà ṣe pẹ́ tó lórí iná. Obìnrin náà ní bí ó ti hó ni òun sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọba ní ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Ó gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí iná kí agbára ewé tó jáde. Lẹ́yìn náà ni ó wá ń rọ gbogbo wọn láti jáde lọ sínú igbó lọ já ewé, kí wọ́n sì se é fún ara wọn.

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé apá yìí fa eré sẹ́yìn, pé kò sí ìdí tí ọba aláde yóò fi dúró níwájú ìlú tí yóò máa sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà tí ń ta egbòogi lọ́jà. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Nínú gbogbo eré náà, kò sí ibi tí Ọdẹ́wálé ti jẹ́ ọba tó bí ó ti jẹ́ níbẹ̀. Kò ṣèlérí pé àrùn yóò lọ. Kò sọ pé kí wọ́n má bẹ̀rù. Ó fún ìrètí wọn ní ìwọ̀n: iye àkókò tí ìkòkò gbọ́dọ̀ lò lórí iná. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí ní ohun kan láti ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà, ní ilé ara rẹ̀, fún ọmọ ara rẹ̀, kí ọ̀la tó mọ́. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ìbéèrè rẹ̀ kò tàbùkù obìnrin náà. Iṣẹ́ tí obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ó gbà, tí ó sì tún ṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ènìyàn kò lè bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Yóò ti rò pé òun ti mọ ìdáhùn.

Ìyàtọ̀ wà láàárín ọ̀rọ̀ ìwúrí àti ìrètí, Yorùbá sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, retí, kì í fẹ́ dá dúró, àbọ̀ ni ó máa ń bèèrè: à ń retí àlejò, à ń retí òjò, à ń retí kí iṣu ta. Bí ẹnìkan bá sọ fún wa pé òun kàn ń retí ṣáá, a ó bi í pé kí ni ó ń retí. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí a fi ń tu ara wa nínú nígbà ìpọ́njú kò ní àbọ̀ kankan. Ti Ọdẹ́wálé ní. Ìkòkò àgbo ni.

Àánú ṣe é, ó ṣàánú

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé inú eré Sophocles, ará Gíríìkì, ni Rótìmí ti mú egungun ìtàn yìí. Níbẹ̀ náà, àwọn ará ìlú Thebes wá bẹ ọba Oedipus nítorí àjàkálẹ̀ àrùn. Ọba sì dá wọn lóhùn pé òun kò ṣàì mọ̀ nípa ìyà wọn, pé ìrora tirẹ̀ ni olúkúlùkù wọn ń jẹ, ṣùgbọ́n òun ń jẹ ti ìlú, ti ara òun àti ti wọn pọ̀. Kí á má ṣe rẹ́ Oedipus jẹ. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti rán Creon lọ sí Delphi láti lọ bèèrè ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí Ọdẹ́wálé ti rán Adérọ́pò lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ọba tí ó káàánú ìlú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ìgbà tí Creon dé, kò sí ohun tí àwọn ará Thebes lè fi ọwọ́ wọn ṣe ju kí wọ́n jókòó ti pẹpẹ lọ. Rótìmí ni ó fi ìkòkò síbẹ̀. Nínú gbogbo àyípadà tí ó mú bá ìtàn Sophocles, a gbà pé èyí ni ó jinlẹ̀ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn lámèyítọ́ kì í kà sí.

Gírámà èdè wa lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. A máa ń sọ pé "àánú rẹ̀ ṣe mí". A sì tún máa ń sọ pé "mo ṣàánú rẹ̀". Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, ṣe, ni ó wà nínú gbólóhùn méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, àánú ni olùwà, èmi ni àbọ̀: ó dé bá mi bí òtútù ṣe ń dé bá ènìyàn, n kò pè é, ó sì lè lọ nígbà tí ó bá wù ú. Nínú ti èkejì, èmi ni olùwà, àánú sì di ohun tí mo ń ṣe. Nígbà tí àjálù bá kéré, èyí àkọ́kọ́ máa ń bí èkejì láìsí wàhálà: a rí ọmọ tí ó ṣubú, àánú rẹ̀ ṣe wá, a gbé e dìde. Nígbà tí àjálù bá pọ̀ ju ohun tí ojú lè rí tán lọ, okùn tí ó so méjèèjì pọ̀ a máa já. Àánú yóò ṣe wá, yóò ṣe wá títí, a kò ní í rí ohun tí a ó fi ọwọ́ mú, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi sú wa. Àwọn tí ó wo àwòrán ọmọ tí ebi ń pa ní 1968 mọ ohun tí a ń wí; àwa tí a ń wo irú rẹ̀ lónìí lórí ẹ̀rọ alágbèéká ní àràárọ̀ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ pàápàá ti kíyè sí i. Àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Athens ní ọdún 430 ṣáájú ìbí Kírísítì, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Sophocles kọ eré rẹ̀. Thucydides òpìtàn, tí àrùn náà kọlù tí ó sì yè é, kọ sílẹ̀ pé ohun tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni bí ọkàn ènìyàn ṣe ń rẹ̀ wẹ̀sì ní kété tí ó bá mọ̀ pé àrùn ti dé ara òun: yóò gbà pé òun ti kú tán, kò sì ní í bá a jà mọ́. Ó tún kọ ọ́ pé àwọn tí ó ń bẹ ọ̀rẹ́ wọn wò, nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti sá, ni ó ń kú jù. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni kò jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ àánú bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tí ó sì ní àánú jù, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ni àwọn tí ó ti ṣàìsàn náà rí tí ara wọn ti dá. Wọ́n mọ bí ó ti ń rí, ẹ̀rù kò sì bà wọ́n mọ́. Bí a bá fi èyí wo Ọdẹ́wálé, a ó rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán ni ó sọ nígbà tí ó wí pé àìsàn wà nínú ilé òun náà. Ibẹ̀ ni ó ti rí ẹnu bèèrè ọ̀rọ̀ ìkòkò. Ẹni tí ó ti jókòó ti iná àgbo fún ọmọ tirẹ̀ lóru ni ó lè mọ̀ pé ẹlòmíràn lè sọ ọ́ kalẹ̀ kíákíá.

Ta ni ó fà á?

Bí Adérọ́pò ti dé láti Ifẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yí padà. (Orúkọ ọmọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ń ṣí àṣírí kan fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kí ọba tó mọ̀ ọ́n: ọmọ kan ti wà rí tí èyí wá rọ́pò.) Iṣẹ́ tí Ọ̀rúnmìlà rán ni pé apànìyàn kan wà nínú ìlú, ẹni tí ó pa ọba Adétùsà, òun ni ó fa àrùn. Láti ìgbà náà lọ, ìbéèrè tí ìlú ń bèèrè kì í ṣe "kí ni kí á ṣe?" mọ́. Ó ti di "ta ni ó fà á?" Ọdẹ́wálé fi Ògún búra pé òun yóò wá ẹni náà rí, òun yóò fọ́ ojú rẹ̀, òun yóò sì lé e kúrò nílùú. Kò sí ẹni tí ó padà sí ọ̀rọ̀ ewé.

A kò sọ pé kò yẹ kí á wádìí ohun tí ó fa àjálù. Ìlú tí kò bá wádìí yóò tún kó sí i. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni ohun tí ìwádìí náà ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹnu Ọdẹ́wálé. Ní ìran àkọ́kọ́, ohùn ẹni tí ó wà nínú wàhálà kan náà pẹ̀lú ìlú ni ó fi ń sọ̀rọ̀: "àwa" ni. Ní apá kejì, nígbà tí Baba Fákúnlé ti pè é ní apànìyàn, ó dojú kọ àwọn ìjòyè, ó sì rán wọn létí pé ará Ìjẹkùn ni òun, àlejò láàárín ẹ̀yà tiwọn. Ó ní wọ́n ti gbìmọ̀ pẹ̀lú Adérọ́pò láti lé àlejò lọ. "Àwa" ti di "èmi" àti "ẹ̀yin". A mọ ibi tí ọgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú oko tí ó wà nítòsí Ẹdẹ, kì í ṣe ìjà lórí iṣu nìkan ni ó mú un gbé ọkọ́ sókè sí àgbàlagbà tí kò mọ̀ pé baba òun ni. Ẹ̀gàn tí ọkùnrin náà fi kan ẹ̀yà àti èdè rẹ̀ ni. Ní ìparí eré, Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ yóò jẹ́wọ́ pé èyí ni àìlera òun, pé ó rọrùn láti ru òun sókè bí a bá ti fọwọ́ kan ẹ̀yà òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dunni jù ni pé irọ́ ni ààlà tí ó fà náà. Ọmọ Kútùjẹ́ ni. Ẹ̀yà tí ó ń jà fún kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀yà tí ó ń bẹ̀rù ni ó bí i. Àánú rẹ̀ já síbi ààlà kan tí kò sí.

Ó dára kí á fi ìwé mìíràn wé èyí, kí a lè rí i pé kò pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. La Peste ni ìwé náà, èyí tí Albert Camus tẹ̀ jáde ní ọdún 1947, ìtàn àjàkálẹ̀ àrùn ní ìlú Oran ní Àlgéríà. Àlùfáà kan wà níbẹ̀, Paneloux, tí ó kọ́kọ́ wàásù pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ìlú ni ó fà á. Lẹ́yìn èyí ó bá àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ṣiṣẹ́ láàárín àwọn aláìsàn, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ adájọ́ kan jẹ̀rora títí ó fi kú. Nígbà tí ó tún gun orí àga ìwàásù, òǹkọ̀wé tọ́ka sí ohun kékeré kan: kò sọ "ẹ̀yin" mọ́, "àwa" ni ó ń sọ. Ọ̀nà tí Paneloux gbà yìí ni Ọdẹ́wálé gbà padà sẹ́yìn. Rieux, oníṣègùn tí ó jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn, kò tilẹ̀ wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kankan; ó ń tẹ oówo, ó ń kọ iye òkú sílẹ̀, ó ń padà lọ sí ilé aláìsàn ní ọjọ́ kejì. Àwọn kan ní ìwé náà gbẹ, pé kò sí ìgbóná ọkàn nínú Rieux. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ lójú wa. Ẹni tí àárẹ̀ ti mú ni, tí kò sì jẹ́ kí àárẹ̀ náà pinnu ibi tí ẹsẹ̀ òun yóò gbé òun lọ.

Síbẹ̀ kí á má ṣe fi Camus ṣe àwòkọ́ṣe láìsí àríwísí. Conor Cruise O'Brien ti bèèrè ní ọdún 1970 pé níbo ni àwọn Lárúbáwá wà nínú ìlú tí ó wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Rambert oníròyìn tilẹ̀ sọ pé ìgbé-ayé àwọn Lárúbáwá ni òun wá ṣèwádìí fún ìwé ìròyìn kan ní Paris. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde mọ́ láti ìgbà tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀. "Àwa" tí ó wà nínú La Peste gbòòrò, ó sì ní ògiri. Rótìmí rí ògiri tirẹ̀, ó sì fi í ṣe kókó eré. Camus kò rí tirẹ̀. Ní ti èyí, òǹkọ̀wé tiwa ni ó ríran jù.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí ìjọba sì ti ìlú Èkó, ìpínlẹ̀ Ògùn àti Àbújá pa láti ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2020, a rí ìran méjèèjì ní ojú kòròkòrò. Ike omi onírọ́bà pẹ̀lú ẹ̀rọ àti ọṣẹ wà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí kò ju yàrá kan lọ. Aládùúgbò ń gbé gàrí fún aládùúgbò. Láàárín àwọn ènìyàn kan náà ni a ti ń gbọ́ pé àrùn olówó ni, pé àwọn ará Ṣáínà ni, pé òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ 5G ni. Ọwọ́ kan ń pọn omi, ọwọ́ kejì ń nàka.

Àwọn aláìsàn tí a kò rí mọ́

Ó kù ẹ̀sùn kan tí a ní sí eré náà, a kò sì lè fi pamọ́. Lẹ́yìn ìran àkọ́kọ́, a kò rí àwọn aláìsàn mọ́. Kò sí ẹni tí ó wá sọ fún ọba pé ọmọ òun jẹun lánàá tàbí pé ó kú. Ọ̀rọ̀ ewé tí ọba fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, a kò mọ̀ bí wọ́n ti lọ já a tàbí bí wọ́n kò lọ.  Ẹni tí ó bá fẹ́ dáàbò bo òǹkọ̀wé yóò sọ pé Sophocles náà ṣe bẹ́ẹ̀, pé eré kò lè gbé ẹrù méjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Sophocles kò gbé ìkòkò kalá iná. Ẹni tí ó bá gbé ìkòkò kaná jẹ wá ní gbèsè láti sọ bí ó ṣe jiná.

A ti ronú pé bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni: pé eré náà gbàgbé àwọn aláìsàn nítorí pé ọba gbàgbé wọn, kí àwa òǹwòran náà, tí ojú wa ti lọ sọ́dọ̀ ọ̀daràn, lè ṣàdédé rántí pé a kò bèèrè wọn. Ìtumọ̀ yìí wù wá. Ṣùgbọ́n a kò rí ohun kan nínú ìwé náà tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, a kò sì fẹ́ fi ọgbọ́n lámèyítọ́ dí ihò tí òǹkọ̀wé fi sílẹ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé Ojúọlá nìkan ni ó ṣì ń gbìyànjú láti pa ohùn ìran àkọ́kọ́ mọ́ láàárín eré, nígbà tí ó ń tu ọkọ rẹ̀ lójú, tí ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó fi sùúrù bá ìlú lò. Òun náà ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ pa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ó ń darí eré jù bí ó ti kan àwa tí a ń kà á. Ní ìparí, nígbà tí Ọdẹ́wálé ti fọ́ ojú ara rẹ̀ tí ó sì ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, ìtọ́sọ́nà tí òǹkọ̀wé kọ sínú eré ni pé kí àwọn ará ìlú kúnlẹ̀ bí ó ti ń kọjá. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ fún wọn. Ọba tí ó ti gbéra kúrò lórí oyè ni, apànìyàn tí Ifá ń wí ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kúnlẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni àánú padà sínú eré, ọ̀dọ̀ àwọn tí a fi ṣílẹ̀kùn ìtàn ni ó sì ti padà wá. Olùdarí tí ó bá lo òṣèré mìíràn fún ìkúnlẹ̀ yìí, àwọn tí ara wọn le, tí aṣọ wọn mọ́, ti da ìran náà nù. Àwọn aláìsàn ìran àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí ó kúnlẹ̀, iye wọn tí ó bá ṣẹ́kù, kí aṣọ tí wọ́n wọ̀ nígbà náà sì wà lára wọn. Bí èmi bá ni mo ń darí rẹ̀, obìnrin tí ó tètè sọ àgbo kalẹ̀ ni n ó fi sí iwájú, ní ibi tí Ọdẹ́wálé gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ níbẹ̀, ọba kò sì lè rí i mọ́ láti bèèrè bí ó bá tún àgbo náà sè.